Nọ́ńbà Ara Béárìn Kò Sọ Tán: Ohun Tí Mo Kọ́ Nígbà Tí Mo Tún Sípíńdù Ẹ̀rọ Mílìn Mi Ṣe

Ẹni tó ní ẹ̀rọ mílìn kékeré, ẹ̀rọ tí a fi ń gé irin, tí sípíńdù rẹ̀, ìyẹn ọ̀pá tó ń yí kátà tó ń gé irin náà, ti ń mì, tó sì ń gbèrò àtilọ ra béárìn tuntun sí i, ni mo ń kọ èyí fún. Kí ó kà á kí ó tó mú owó jáde. Èmi ti ná owó tí kò yẹ kí n ná, mo ti tú orí ẹ̀rọ kan náà palẹ̀ léraléra, bẹ́ẹ̀ ohun tí mo pàpà wá mọ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n ì bá ti sọ ọ́ fún mi lórí ìjókòó kan.

Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ojú kíì ni mo máa ń gé jù sínú púlì ẹ̀rọ ìlọta, mo sì ń ṣe mọ́ọ̀dù alumíníọ̀mù fún àwọn tó ń rọ ike. Ẹ̀rọ mi jẹ́ tòkunbọ̀, irú èyí tí à ń gbé ka orí tábìlì, tí wọ́n ń pè ní X2. Ìyípo 2,500 ní ìṣẹ́jú kan ni eré rẹ̀ mọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rà á, iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlà wẹ́wẹ́ sílẹ̀ lára alumíníọ̀mù, kátà tí kò ju mìlímítà mẹ́ta lọ sì ń kán bí mo ṣe ń fi wọ́n sí i. Oníbàárà kan dá mọ́ọ̀dù padà fún mi. Ó fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan, ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, ó lọ. Ó dùn mí ju kó bú mi lọ.

Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní ìdáhùn. Ẹnì kan ní mọ́tọ̀ ni, ẹlòmíràn ní gíà ni, ẹlòmíràn ní kí n fún orí ẹ̀rọ mọ́ òpó rẹ̀ dáadáa. Mo fún un, kò yí padà. Mo wá gbé gẹ́ẹ̀jì olójú aago sórí tábìlì ẹ̀rọ, mo fi igi ti sípíńdù sókè, abẹ́rẹ́ sì lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n kí ni gẹ́ẹ̀jì yẹn ń wọ̀n gan-an? Bí ẹsẹ̀ gẹ́ẹ̀jì bá wà lórí tábìlì, mímì òpó, mímì orí ẹ̀rọ àti mímì béárìn ló pa pọ̀ sójú kan. Ara orí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni kí ẹsẹ̀ gẹ́ẹ̀jì jókòó sí, kí imú rẹ̀ kan ìdí sípíńdù, kí o wá fi igi tì í sókè, kí o fà á wálẹ̀, kí o tún tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tó bá hàn báyìí, ti béárìn nìkan ni. Tèmi jẹ́ 0.06 mìlímítà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fún kátà kékeré, ìyẹn pọ̀ púpọ̀.

Mo tú u. Béárìn méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, 6206 la kọ sára àwọn méjèèjì. Ihò àárín rẹ̀ jẹ́ 30 mìlímítà, òde rẹ̀ 62, ìnípọn rẹ̀ 16. Nígbà tí mo fi kẹrosíìnì fọ̀ wọ́n, mo rí i pé lẹ́yìn nọ́ńbà náà, wọ́n tún kọ C3. N kò kà á sí. Mo kọ 6206 sórí ìwé, mo gba ọjà lọ.

Bí a ṣe ń ra bàtà la ṣe ń ra béárìn lọ́jà wa: nọ́ńbà ni wọn yóò bi ọ́, tí o bá ti dárúkọ rẹ̀, wọ́n á sọ páálí kan sílẹ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà bàtà kò sọ bóyá bàtà ìgbéyàwó ni tàbí ti bọ́ọ̀lù. Oríṣi béárìn àti ìwọ̀n rẹ̀ ni 6206 ń sọ. Ohun tí a fi béárìn náà ṣe àti iṣẹ́ tí a ṣe é fún, inú àwọn lẹ́tà kéékèèké ẹ̀yìn nọ́ńbà ló wà, àwọn yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ wa kì í wò.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí C3 yẹn, nítorí pé ó ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Láàárín àwọn bọ́ọ̀lù inú béárìn àti òrùka rẹ̀, àlàfo díẹ̀ máa ń wà. Nínú béárìn tí ihò rẹ̀ jẹ́ 30, bí kò bá sí àmì kankan lẹ́yìn nọ́ńbà, àlàfo náà wà láàárín máíkírọ́nì 5 sí 20. Bí ó bá jẹ́ C3, ó wà láàárín 13 sí 28. Máíkírọ́nì kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà. Mọ́tọ̀ iná ni wọ́n ṣe C3 fún ní pàtàkì, nítorí pé inú mọ́tọ̀ máa ń gbóná, òrùka inú á wú, àlàfo náà á sì dín kù fúnra rẹ̀. Sípíńdù mílìn kékeré kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà àlàfo náà á wà níbẹ̀ títí, kátà á sì máa gbọ̀n. Ẹni tó ni ẹ̀rọ yìí kó tó dọ́wọ́ mi ti pààrọ̀ béárìn rẹ̀ rí, ti mọ́tọ̀ ló sì fi sí i. Lọ́jà tiwa, C3 ló pọ̀ jù, torí mọ́tọ̀ àti pọ́ǹpù ni àwọn oníbàárà wọn ń tún ṣe. Bí o bá dárúkọ 6206 lásán, C3 ni wọ́n máa kó fún ọ.

Èmi náà gbà á bẹ́ẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ayédèrú tún ni. Ẹni tó tà á fún mi ní, “Original ni, ọ̀gá mi, ẹ wo páálí ẹ̀.” Páálí náà rẹwà lóòótọ́. Kí ó tó pẹ́ tí mo fi ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, ó ti ń pariwo bí iyanrìn ṣe ń ró lábẹ́ bàtà, ọwọ́ kò sì ṣe é gbé lé e. Nígbà tí mo tú u, mo fi asítóònì nu ẹ̀gbẹ́ òrùka rẹ̀, orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n kọ sí i sì parẹ́ mọ́ aṣọ. Léésà tàbí irin ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ń kọ orúkọ wọn sára béárìn, kì í ṣe ohun tí asítóònì lè nù kúrò. SKF, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe béárìn, ní áàpù kan tí wọ́n ń pè ní SKF Authenticate: o lè ya fọ́tò béárìn àti páálí rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ. Schaeffler tó ni béárìn FAG náà ní OriginCheck. Kò ná ọ lówó ju dátà lọ. Mo gbà ọ́ níyànjú pé kí o lò ó kí o tó san owó, nítorí bí o bá ti san án tán, ta ni yóò dá a padà fún ọ?

Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó láti ronú ohun tí sípíńdù ń fẹ́.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Oríṣi béárìn mẹ́ta ló lè wọ orí ẹ̀rọ yìí láìsí pé a gbẹ́ ilé rẹ̀, ihò tí béárìn jókòó sí. Àkọ́kọ́ ni 6206, béárìn bọ́ọ̀lù lásán. Ó rọrùn láti rí, bí o bá sì rí ojúlówó tí kì í ṣe C3, á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò dìídì ṣe é kí a máa fún un pọ̀ láti òkè. Èkejì ni béárìn tápà, 30206, tó ń lo rólà dípò bọ́ọ̀lù. Ẹ̀kẹta ni angular contact, 7206, béárìn bọ́ọ̀lù tí inú rẹ̀ dagun.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tó ti ń yí irin lórí léèdì kí wọ́n tó bí mi. Mo gbé sípíńdù mi lọ bá wọn. Wọ́n fi ọwọ́ yí i, wọ́n ní, “Ìwọ ọmọ yìí, tápà ni kí o fi sí i. Tápà ló ń gbé ọkọ̀ ẹrù láti Èkó dé Kánò, kí ni mílìn kékeré tó wà lórí tábìlì yóò fi ṣe é?” Wọ́n sì yá mi ní méjì tí wọ́n ní nílé.

Mo fi sí i, mo sì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé òótọ́ ni Bàbá sọ. Nígbà tí mo gé irin líle pẹ̀lú eré kékeré, orí ẹ̀rọ náà dúró bí ògiri, mímì kankan kò sí. Ṣùgbọ́n ohun méjì jẹyọ. Ìnípọn 30206 jẹ́ 17.25 mìlímítà, 16 sì ni ti àtijọ́. Bí o bá fi méjì sí i, o ti jẹ 2.5 mìlímítà nínú gígùn sípíńdù, eyín tí nọ́ọ̀tì òkè yóò di mú sì dín kù. Èkejì ni ooru. Nínú béárìn tápà, orí àwọn rólà máa ń ra mọ́ etí òrùka inú bó ṣe ń yí. Lórí eré kékeré kò sí wàhálà. Nígbà tí mo gbé e dé 2,500, ooru rẹ̀ gbéra kíákíá, mọ́tọ̀ sì ń jà láti yí i. Alumíníọ̀mù àti kátà kéékèèké ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ mi, eré ńlá ni wọ́n sì ń fẹ́. Bí irin líle àti kátà ńlá bá ni iṣẹ́ tìrẹ, gba ọ̀rọ̀ Bàbá, má wulẹ̀ ná owó lé 7206. Mo dá tiwọn padà pẹ̀lú ọpẹ́, mo sì ṣàlàyé ohun tí mo rí. Wọ́n bi mí bí eré rẹ̀ ṣe tó, nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n ní, “Ó dáa. O ò sọ ti eré fún mi tẹ́lẹ̀.” Lóòótọ́, n kò sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gbà á nímọ̀ràn lórí béárìn, kí ó kọ́kọ́ sọ eré tó ń sá, irin tó ń gé, àti bí kátà rẹ̀ ṣe tóbi tó.

Ìwọ̀n 7206 kò yàtọ̀ sí ti 6206 rárá: 30, 62, 16. Ohun tó yàtọ̀ ni pé inú rẹ̀ dagun. Apá kan òrùka òde ga, apá kejì rẹlẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá tì í láti ìhà kan, bọ́ọ̀lù á lọ fara ti apá gíga, àlàfo á sì parẹ́. A máa ń fi méjì kọjú síra tàbí kọ ẹ̀yìn síra, kí ọ̀kan gba títì sókè, kí èkejì gba fífà sísàlẹ̀. Nọ́ọ̀tì òkè sípíńdù la ó fi fún wọn pọ̀.

Àwọn lẹ́tà tún dé. Nínú ti SKF, 7206 tó ní B lẹ́yìn dagun ní dígírì 40, AC dagun ní 25. Nínú ti NSK, ilé iṣẹ́ béárìn mìíràn, A jẹ́ 30, C jẹ́ 15. Bí ìdagun bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń lágbára sí títì láti òkè àti ìsàlẹ̀ tó. Bí ó bá ṣe kéré tó ló ṣe ń rọrùn fún eré àti títì láti ẹ̀gbẹ́ tó. Mílìn máa ń ti kátà sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù, nítorí náà 25 tàbí 15 ì bá wù mí. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù àti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ló ń lo B, ìyẹn ló fi pọ̀ tí owó rẹ̀ sì rọrùn. Lórí 2,500, B kò ní ìṣòro kankan. Mo gbà á.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bó ṣe péye tó, èyí tó fẹ́ gba gbogbo owó ọwọ́ mi. Wọ́n pín béárìn sí ìpele. Nínú èyí tí ihò rẹ̀ jẹ́ 30, òrùka inú ti ìpele lásán lè yí wọ́ tó máíkírọ́nì 13. Ti P6 jẹ́ 8, ti P5 jẹ́ 4, ti P4 jẹ́ 3. Mo rí méjì P4 tí wọ́n ti mú bára mu, owó wọn súnmọ́ iye tí mo ra ẹ̀rọ náà. Ọkàn mi fà sí i gidigidi. Ohun tó gbà mí ni pé mo fi gẹ́ẹ̀jì kan inú ihò ìdí sípíńdù, ibi tí à ń ti kátà sí, mo sì yí i. Ihò yẹn nìkan wọ́ tó máíkírọ́nì 15, láìka béárìn kún un. Béárìn tó péye dé máíkírọ́nì 3 kò lè tún ihò tó ti wọ́ ṣe. Kí o tó ra P4, wọn ihò yẹn ná. P5 ni mo fi ọkàn sí, ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní Manchester sì bá mi rà á lọ́wọ́ oníṣòwò tó ń gbà á tààrà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́.

Nígbà tí mò ń dúró dè é, mo wọn ilé béárìn. Èyí ló yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe. Ti ìsàlẹ̀ dára. Ti òkè ti fẹ̀ dé 62.03, torí pé òrùka òde béárìn àtijọ́ ti ń yí nínú rẹ̀, ó sì ti jẹ ẹ́. Mo rántí wàyí pé ayédèrú yẹn wọlé pẹ̀lú ọwọ́ lásán, inú mi sì dùn nígbà náà pé ó rọrùn. Béárìn tó bá wọlé wẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ kò dúró síbì kan. Mo ra Loctite 641, èyí tí wọ́n ṣe fún dídi béárìn mú sínú ilé rẹ̀. Fi asítóònì nu gbogbo gíríìsì kúrò, fi kékeré pa ara ilé, má pa á sára béárìn, kí ó má baà ṣàn wọ inú rẹ̀. Bí ilé tìrẹ bá ti fẹ̀ ju tèmi lọ, gbé e fún ẹni tó lè gbẹ́ ẹ, kí ó fi òrùka irin tẹ́ inú rẹ̀.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Má fi òòlù gbá béárìn sípíńdù. Bí o bá gbá òrùka òde kí òrùka inú lè wọlé, bọ́ọ̀lù ni o ń gbá mọ́ irin, ojú ibẹ̀ á sì ní ihò kéékèèké tí o kò ní rí. Ooru ló tọ́. Òrùka tí ihò rẹ̀ jẹ́ 30, bí ó bá gbóná ju sípíńdù lọ pẹ̀lú ìwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì 60, á fẹ̀ tó 0.02 mìlímítà, ó sì tó. Mo fi sípíńdù sínú fírísà di ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n iná ti lọ mọ́jú, ó kàn tutù díẹ̀ ni. Mo gbé béárìn sórí irin pẹlẹbẹ lórí sítóòfù oníná, mo fi tẹmómítà ṣọ́ ọ dé 80. Má jẹ́ kí ó kọjá 120, pàápàá bí ohun tó gbá àwọn bọ́ọ̀lù jọ bá jẹ́ ike. Ó jókòó síbẹ̀ láìsí agbára kankan.

Ibi tí ojú rẹ̀ kọ sí ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Wo òrùka òde 7206: etí kan nípọn, etí kejì fẹ́lẹ́. Nínú orí ẹ̀rọ yìí, etí tó nípọn ni kí ó fara ti èjìká inú ilé, lókè àti nísàlẹ̀. Èyí á mú kí àwọn méjèèjì kọ ẹ̀yìn síra. Bí nọ́ọ̀tì bá ń fa òrùka inú méjèèjì súnmọ́ra, bọ́ọ̀lù á máa fara ti etí tó nípọn. Bí o bá kọ ojú wọn sódì, bí o ṣe ń fún nọ́ọ̀tì ni bọ́ọ̀lù á máa gun etí fẹ́lẹ́, béárìn lè tú sí ọ lọ́wọ́. Mo fi máàkà kọ “INÚ” sára etí tó nípọn kí n tó gbé e kaná, nítorí pé kò sí àyè láti máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tó bá ti gbóná.

Àsìkò ọyẹ́ ni mo ṣe é, eruku sì kún gbogbo ìlú. Mo ti fèrèsé, mo wọ́n omi sílẹ̀, n kò yọ béárìn kúrò nínú ọ̀rá rẹ̀ títí gbogbo nǹkan fi wà ní sẹpẹ́. Ní ti gíríìsì, wọ́n ti fi Isoflex NBU 15 ti Klüber dẹ́rù bà mí, pé láìsí i, sípíńdù kò lè pẹ́. Gíríìsì tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò eré tí gíríìsì gbọ́dọ̀ gbà. Àárín 30 àti 62 jẹ́ 46. Sọ ọ́ di ìlọ́po 2,500, ó jẹ́ 115,000. Gíríìsì líítíọ̀mù lásán tó dára, onípele 2, ń gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bí ó ṣe pọ̀ tó ló yẹ kí o ṣọ́: má fi kún ju ìdá kan nínú mẹ́ta àlàfo inú béárìn lọ. Bí o bá kún un dé ẹnu, á máa po gíríìsì, á sì gbóná.

Fífún nọ́ọ̀tì ló gba sùúrù jù. Mo gbé gẹ́ẹ̀jì sára orí ẹ̀rọ bíi ti àkọ́kọ́, mo ń fún nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀, mo ń fi igi ti sípíńdù sókè sódò, títí abẹ́rẹ́ kò fi mì mọ́. Lẹ́yìn náà mo fi díẹ̀ kún un, kò tó ìdá mẹ́jọ ìyípo. Mo wá jẹ́ kí ó máa yí lórí eré tó kéré jù, mo ń gbé eré náà sókè ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé, mo sì ń dúró kí ooru rẹ̀ dúró sójú kan kí n tó tún gbé e. Nígbà tó dé 2,500, tẹmómítà ka 47 lára ilé béárìn, ní ọ̀sán tí ṣọ́ọ̀bù jẹ́ 33. Bí tìrẹ bá ń gùn lọ tí kò dúró, o ti fún un jù. Tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, má retí pé yóò rọ̀ fúnra rẹ̀.

Gẹ́ẹ̀jì ń ka 0.01 báyìí bí mo bá fi gbogbo agbára tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà wẹ́wẹ́ ti kúrò lára alumíníọ̀mù, kátà mìlímítà mẹ́ta sì ń gé láìkán. Mo tún mọ́ọ̀dù oníbàárà yẹn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì gbà á.

Bí mo bá tún máa rà á lónìí, màá béèrè 7206 tó ní èdìdì rọ́bà, irú èyí tí 2RS wà lára rẹ̀, nítorí èérún alumíníọ̀mù tó ń fò sókè láti abẹ́ kátà. Èyí tí mo lò kò ní èdìdì, mo sì ní láti gé rọ́bà pẹlẹbẹ kan sí ìdí rẹ̀ fúnra mi. Ilé iṣẹ́ ló ń fi gíríìsì sínú irú olóèdìdì bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí o tún máa fi kún un, má sì gbé e kaná kọjá 80. Ariwo díẹ̀ ṣì kù lórí ẹ̀rọ náà. Gíà oníke rẹ̀ ló ń fà á, bẹ́líìtì ni mo sì fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ nígbà tí owó bá dé.